Láti ìdí káńtà báǹkì dé ẹnu ọ̀nà oyè ọ̀mọ̀wé: bí a ṣe ń wá owó kàwé lókè òkun lẹ́yìn tí a ti yí iṣẹ́ padà

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní báǹkì kékeré kan tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó ní Òṣogbo. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ àwọn onígbèsè lọ: òní Ìgbọ̀nà, ọ̀la Ọjà Ọba, ọ̀túnla ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń dáko sétí odò. Ìgbà tí mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́ni ọdún 34, tí mo padà sí yunifásítì lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi àti àyíká, ìyá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n sọ òótọ́ fún àwọn, ṣé wọ́n lé mi ni.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo wá owó láti lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé, ilé ìwé 11 ni mo kọ̀wé sí. Mẹ́sàn-án ní rárá, méjì ò tilẹ̀ dáhùn. Ọdún kejì, mẹ́fà péré ni mo kọ̀wé sí, méjì gbà mí, towó-towó. Máàkì mi ò yí padà láàárín ọdún méjèèjì. Ohun tó yí padà ni pé lọ́dún àkọ́kọ́, mo fi ọdún mẹ́sàn-án tí mo lò ní báǹkì pamọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n rí tí kò fẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́. Lọ́dún kejì, òun gan-an ni mo fi ṣíwájú.

Ohun tí mo kọ́ láàárín ọdún méjèèjì yẹn ni mo tò sísàlẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ti yí iṣẹ́ padà ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tó ti ní ìyàwó tàbí ọkọ, tó ń san owó ilé ìwé ọmọ, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àkọ́kọ́ ti pọ́n nínú fáìlì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá okùn tó so iṣẹ́ àná mọ́ ìbéèrè òní

Ẹ má tíì tan kọ̀ǹpútà. Ẹ mú bébà kan àti bírò.

Àwọn tó ń fúnni lówó ìwádìí kì í náwó lé èèyàn lórí nítorí pé ó fẹ́ràn ìwé. Ìbéèrè tó yẹ kí a wádìí ni wọ́n ń náwó lé. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì lè ní máàkì rẹpẹtẹ kó má ní ìbéèrè kankan, àfi èyí tí olùkọ́ rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ti rí nǹkan tó rú yín lójú, tí kò sì kúrò lọ́kàn yín.

Tèmi rèé. Mo rí i pé àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń san owó wọn déédéé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbèsè, àwọn tó sún mọ́ odò ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú wọn. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwà ni. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan fà mí lọ́wọ́ dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n bu omi sínú igbá, wọ́n ní kí n wò ó. Omi náà pọ́n bí omi tí wọ́n fi po amọ̀. Láti ìgbà tí àwọn awakùsà góòlù ti pọ̀ lókè odò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni àwọ̀ omi náà ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ìwé gbèsè tó wà lápò mi àti omi tó wà nínú igbá yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ẹ kọ ìlà mẹ́ta. Kí ni mo rí lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣàlàyé fún mi? Ẹ̀ka ìmọ̀ wo ló ní irinṣẹ́ tí a fi lè wádìí rẹ̀? Èwo nínú irinṣẹ́ náà ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n lò? Ìlà kẹta yẹn ló máa ń ro èèyàn lára, òun ló sì máa sọ fún yín bóyá ọdún yìí ni ẹ máa kọ̀wé tàbí ọdún tó ń bọ̀.

Ká ní olùkọ́ kẹ́míísìrì kan fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ ṣe àdìrẹ, iṣẹ́ tí a fi mọ Òṣogbo káàkiri ayé. Ojoojúmọ́ ló ń da omi aró àti sódà sí gọ́tà. Ibo ni omi yẹn ń lọ? Kí ló ń ṣe fún ilẹ̀? Ìbéèrè oyè ọ̀mọ̀wé nìyẹn, kò sì sí ọmọ ọdún 22 kankan tó lè béèrè rẹ̀ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú nínú ìkòkò aró ṣe máa béèrè rẹ̀.

Bí okùn náà ò bá sí rárá ńkọ́? Bí ẹni tó fi iṣẹ́ lọ́yà sílẹ̀ lọ kọ́ físíìsì. Ẹ má fi tipátipá so ó. Àwọn tó ń ka ìwé yín máa ń mọ̀. Ẹ sọ gbólóhùn kan péré nípa bí ọkàn yín ṣe yí, kí iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe láti ìgbà náà sọ ìyókù.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí mi ò gbọ́dọ̀ fò: ìwé gbèsè tí mo sọ yẹn kì í ṣe tèmi. Mi ò mú ojú ewé kan kúrò ní báǹkì. Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo dátà àwọn èèyàn láti 2023, ilé ìwé tó bá sì rí orúkọ oníbàárà nínú àbá ìwádìí yín máa sá fún yín. Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ mú lọ. Kí fáìlì wà níbi tó wà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ibi tí owó wà

Èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé ró lókè òkun kì í jẹ́ sikọ́láṣíìpù. Owó iṣẹ́ ni, tàbí owó ìwádìí tó wà lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kàn ń tẹ “sikọ́láṣíìpù” sínú Google láti àárọ̀ dalẹ́ fi máa ń rí nǹkan kan náà tí gbogbo ayé ń rí.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń náwó lórí akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé. Wọ́n á dárí owó ilé ìwé jì yín, wọ́n á máa san owó oṣù, ẹ̀yin náà á máa ran olùkọ́ lọ́wọ́ nínú kíláàsì tàbí nínú yàrá ìwádìí. Ó máa ń tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, ẹ lè fi oyè àkọ́kọ́ nìkan wọlé láìní másítà. Ìgbìmọ̀ ló ń yan èèyàn níbẹ̀, gbèdéke sì sábà máa ń bọ́ sí láàárín ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá sí àárín oṣù kìíní. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti fi ìdánwò GRE sílẹ̀ tàbí kí wọ́n má fi ṣe dandan mọ́. Ẹ wò ó dáadáa lójú ewé wọn kí ẹ tó náwó sí i.

Ní Jámánì, Sweden, Norway, Denmark àti Netherlands, oyè ọ̀mọ̀wé sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń polówó rẹ̀. Ẹ máa kọ̀wé gba iṣẹ́, ẹ máa tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, owó oṣù á máa wọlé. Ibí yìí ni mo rò pé ó yẹ ẹni tó ti yí iṣẹ́ padà jù lọ, torí bí agbanisíṣẹ́ ṣe ń ka CV ni wọ́n ń ka tiyín: ọdún tí ẹ ti fi ṣiṣẹ́ níye lórí lójú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń béèrè másítà. EURAXESS, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́ ìwádìí ní Yúróòpù, ni kí ẹ máa yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Níbẹ̀ náà ni ẹ ti máa rí ètò Marie Skłodowska-Curie ti àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí kò ka ọjọ́ orí sí. Òfin rẹ̀ ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ ti gbé ní orílẹ̀-èdè tí ẹ fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ nínú oṣù 36 tó ṣáájú. Ẹni tó ń gbé Òṣogbo kò ní wàhálà lórí ìyẹn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, àìrìnrìn-àjò di èrè.

Ní Ìlú Ọba, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Yunifásítì tàbí àjọ ìwádìí ìjọba tí wọ́n ń pè ní UKRI ló ń sanwó fún ọ̀pọ̀. Iye tó kéré jù tí UKRI ń san fún akẹ́kọ̀ọ́ láti gbọ́ bùkátà ní 2025/26 jẹ́ £20,780 lọ́dún. Láti 2021 ni wọ́n ti ń gba àwọn tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà ìjà àyè náà le. Gates Cambridge, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ń san gbogbo owó fún àwọn tó bá wọ Cambridge, kò sì lópin ọjọ́ orí. Oxford náà ní sikọ́láṣíìpù tirẹ̀, Clarendon. Fún obìnrin tó wà nínú sáyẹ́ǹsì tàbí ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, Faculty for the Future ti Schlumberger Foundation wà fún àwọn láti orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà sókè, ó sì ń san tó $50,000 lọ́dún.

Nílé níbí, PTDF, tó jẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀, ń ránni lọ kàwé nínú ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ epo rọ̀bì àti gáàsì, wọ́n sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí NYSC. TETFund, àjọ ìjọba mìíràn, jẹ́ ti àwọn olùkọ́ ilé ìwé gíga ìjọba, ilé ìwé wọn ló sì máa ń fa orúkọ wọn kalẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 wọ́n dá rírán èèyàn lọ sókè òkun dúró. Bí ẹ kì í bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, ẹ má fi àkókò ṣòfò níbẹ̀.

Kòtò méjì rèé tí mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó jìn sí. Èkíní, Chevening, sikọ́láṣíìpù ìjọba Ìlú Ọba tí gbogbo èèyàn ń pariwo, másítà nìkan ló wà fún. Ìkejì, DAAD, àjọ tó ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù ní Jámánì, sábà máa ń béèrè pé ìwé ẹ̀rí tí ẹ gbà kẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ ti lé ní ọdún mẹ́fà. Ẹni tó gboyè ní 2009 lè ka èyí kó káwọ́ lórí. Ẹ má káwọ́ lórí. Èyí tí ẹ gbà *kẹ́yìn* ni wọ́n wí. Bí ẹ bá gba másítà tuntun nínú ẹ̀kọ́ tí ẹ yí sí, kíkà ọdún mẹ́fà náà bẹ̀rẹ̀ látorí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ dí àlàfo kí wọ́n tó bi yín

Másítà nílé kì í ṣe ìtìjú. UNIOSUN wà nínú ìlú, Ifẹ̀ ò jìnnà. Èmi lọ kàwé mi láti ilé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama aládàáni kan lọ́wọ́ kan. Fún ẹni tó ní HND, ọ̀nà náà gùn díẹ̀: PGD ni wọ́n sábà máa ń ní kó kọ́kọ́ ṣe, kó tó kan másítà. Ẹ kà á mọ́ ọdún tí ẹ ń ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú másítà yẹn ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ìparí. Ẹ má gba àkòrí tí wọ́n ti fún ẹni mẹ́wàá ṣáájú yín. Ẹ gbé ìbéèrè tiyín wá, kí ó jẹ́ pé òun ni ẹ ó mú dé òkè òkun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́ irinṣẹ́ kan kí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. R àti Python tí a fi ń ṣírò dátà, QGIS tí a fi ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, íntánẹ́ẹ̀tì àti sùúrù nìkan ni wọ́n ń ná èèyàn.

Ní ti jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde: èyí tó bá kọ̀wé sí yín fúnra rẹ̀, tó pè yín ní “ọ̀jọ̀gbọ́n olókìkí”, tó ní òun á tẹ iṣẹ́ yín jáde lọ́jọ́ mẹ́ta bí ẹ bá ti sanwó, ẹ sá. Kí ẹ má ní àpilẹ̀kọ kankan sàn ju kí orúkọ yín wà nínú irú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìwé

Tiransikíríìpù ló ń pẹ́ jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ ní oṣù mẹ́sàn-án ó kéré tán kí gbèdéke tó pé, kí ẹ sì máa lọ fi ojú kàn án. Ilé ìwé tí mo ti kọ́kọ́ jáde ní fáìlì mi sọnù. Ìrìn mẹ́rin ni mo rìn kí obìnrin kan tó wá a kàn nínú àpótí ọdún mìíràn.

Orúkọ gbọ́dọ̀ bára mu láti orí ìwé WAEC dé orí pásípọ́ọ̀tù. Obìnrin tó ti yí orúkọ padà nígbà ìgbéyàwó, ẹ tọ́jú ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ àti ìkéde inú ìwé ìròyìn sínú fáìlì kan náà. Bí ẹ bá ń gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, ẹ gba ti ọdún mẹ́wàá bí owó bá wà. Ti ọdún márùn-ún lè parí lójú yín kí ẹ tó parí ìwé.

Èsì IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, kì í pẹ́ ju ọdún méjì lọ kó tó di òkú, nítorí náà ẹ má yá a ṣe. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé bóyá lẹ́tà tó sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín tó. Èmi ò ṣe IELTS rárá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àwọn tó máa jẹ́rìí yín

Ibí ni ẹsẹ̀ ẹni tó ti pẹ́ kúrò nílé ìwé ti máa ń yọ̀. Olùkọ́ tó mọ̀ yín ní 2010 ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó gba ipò rẹ̀ ò mọ̀ yín rí. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Méjì gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ wá, ẹ̀kẹta lè jẹ́ ti ọ̀gá ibi iṣẹ́ àtijọ́, bí ọ̀gá náà bá lè sọ ohun tí ẹ ṣe dípò kó kàn sọ pé ẹ kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọ̀gá mi ní báǹkì kọ ọ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ fi máàpù hàn án pé etí odò ni gbèsè ń kó jọ sí. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ṣiṣẹ́ ju gbogbo ìyìn lọ.

Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lójú kojú ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ mú CV, àbá ìwádìí, àtòjọ ilé ìwé pẹ̀lú gbèdéke, àti ojú ewé kan tó rán wọn létí iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣe. Bí olùkọ́ bá ní kí ẹ lọ kọ ọ́ wá kí òun fọwọ́ sí i, tó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ rọra fi ojú ewé ìránnilétí yẹn sílẹ̀ dípò rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta tí ọwọ́ kan náà kọ, ohùn kan náà ni wọ́n máa ń ní. Kí wọ́n sì fi ímeèlì ilé ìwé wọn ránṣẹ́, kì í ṣe Gmail tàbí Yahoo.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ímeèlì sí ọ̀jọ̀gbọ́n

Ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ wa, a ò lè ṣàdédé bá àgbà sọ̀rọ̀ láì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ímeèlì mi àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, ó bi wọ́n léèrè àlàáfíà ilé, ó yin iṣẹ́ wọn ní ìlà mẹ́fà, kó tó sọ pé mo jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kára tó sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹni tí ímeèlì ń ya lù bí omi òjò ò ní kà dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ fi ìdọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Ẹ ka àpilẹ̀kọ méjì tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kọ láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ wá ohun tí wọn ò tíì ṣe. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ 200 tó: ẹni tí ẹ jẹ́ ní gbólóhùn kan, ibi tí iṣẹ́ wọn ti kan ìbéèrè yín, ohun tí iṣẹ́ àtijọ́ jẹ́ kí ẹ mọ̀, àti ìbéèrè kan lópin: ṣé wọ́n máa gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé owó sì wà fún un? CV ojú ewé méjì, ní PDF. Èyí tó gba èsì nínú tèmi, bí mo bá fi Yorùbá sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ nìyí:

“Nínú àpilẹ̀kọ yín nípa mákúrì nínú odò, ẹja lẹ wọ̀n, ẹ ò wọn ẹ̀fọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá àwọn tó ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ bomi rin ẹ̀fọ́ ṣòwò. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń wọ inú ewé náà, àti ohun tó ń jáde lápò ẹni tó gbìn ín.”

Ọjọ́ kejì ni èsì dé. Ìlà méjì péré ni, ṣùgbọ́n ìkejì bi mí léèrè ìgbà tí ààyè máa gbà mí láti sọ̀rọ̀.

Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ẹni mẹ́ta nínú ẹ̀ka kan náà. Wọ́n ń jọ jẹun ọ̀sán.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìwé èròǹgbà àti àbá ìwádìí

Ẹni tó bá ń ka ìwé ẹni tó yí iṣẹ́ padà, ìfura mẹ́ta ló ń bẹ lọ́kàn rẹ̀, kódà bí kò bá sọ ọ́. Ṣé kò ní tún sá kúrò nídìí èyí náà? Ṣé ó mọ iṣẹ́ ìwádìí ṣe lóòótọ́? Ẹni tó ti ń pàṣẹ fún èèyàn, ṣé ó máa lè padà jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́?

Ọjọ́ ló ń dáhùn ti àkọ́kọ́, kì í ṣe ìlérí. Ẹ fi ọdún hàn wọ́n: ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ QGIS lálẹ́ nígbà tí mo ṣì wà ní báǹkì, ọdún tí mo wọ másítà, ọdún tí mo kọ́kọ́ gba omi sínú ìgò. Ẹni tó ti ń rìn lọ́nà kan láti ọdún mẹ́rin kò sá. Ó ń lọ ni. Ìdáhùn sí ìkejì ni kí ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí kan ní kíkún, títí kan ibi tó ti bà jẹ́. Mo kọ ọ́ pé àyẹ̀wò omi mi ti oṣù kẹjọ ò wúlò torí iná lọ, fíríìjì kú, mo sì sọ ohun tí mo ṣe sí i lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbà mí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìpínrọ̀ fíríìjì yẹn ló mú òun dákẹ́ kà á dópin.

Ìkẹta, ẹ má dáhùn ún ní tààrà. Ó máa hàn nínú ohùn yín. Bí gbogbo gbólóhùn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “mo darí, mo ṣàkóso, mo pàṣẹ”, wọ́n ti rí ọ̀gá báǹkì nìyẹn.

Ẹ yọ “láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ sáyẹ́ǹsì” kúrò. Bó bá jẹ́ láti kékeré ni, kí lẹ wá ń ṣe ní báǹkì?

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Owó fọ́ọ̀mù, kàlẹ́ńdà àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Owó dọ́là ló ń pa wá jù. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé Amẹ́ríkà máa ń dárí owó fọ́ọ̀mù jini bí a bá béèrè ṣáájú gbèdéke. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn, ẹ sọ iye tí ẹ ń gbà lóṣù ní náírà, kí ẹ ṣírò rẹ̀ sí dọ́là fún wọn. Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu. EducationUSA, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gba àwọn tó fẹ́ lọ kàwé níbẹ̀ nímọ̀ràn, tó wà ní Èkó àti Àbújá, náà ní ètò tó ń ran àwọn tó kún ojú òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń polówó ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ̀wé.

Ẹni tó bá ní kí ẹ wá san “owó ìtúsílẹ̀” kí sikọ́láṣíìpù tó jáde, olè ni. Ejẹ́ǹtì náà, ẹ má gbé iṣẹ́ yìí lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n lè mọ ọ̀nà físà. Wọn ò lè bá yín ní ìbéèrè ìwádìí.

Ní ti àkókò, èmi kà á sẹ́yìn láti oṣù kejìlá: tiransikíríìpù ní oṣù kẹta, ìdánwò èdè bó bá pọn dandan ní oṣù kẹfà, ímeèlì sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti oṣù kẹjọ, àwọn ẹlẹ́rìí ní oṣù kẹwàá. Àwọn iṣẹ́ Yúróòpù ò ní àsìkò. Ìgbà tí wọ́n bá polówó ni.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná ilé. Ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wọn, bí agogo mẹ́ta ọ̀sán bá lù ní New York, mẹ́sàn-án alẹ́ ni ní Òṣogbo, ìyẹn àsìkò tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ń ké. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ògo-Olúwa tó ní ínfátà ni mo lọ jókòó sí, fóònù méjì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n máa bi yín ìdí tí ẹ fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má bú ibi iṣẹ́ yín àtijọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó hó

“A gbà yín” kò túmọ̀ sí “a máa sanwó yín”. Ẹ wò ó: ṣé oṣù 12 ni owó oṣù náà àbí mẹ́sàn-án? Ọdún mélòó ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà? Ta ló ń san ìṣedúró ìlera? Ní Ìlú Ọba, àwọn owó ìrànwọ́ kan wà tó jẹ́ iye tí ọmọ onílé ń san nílé ìwé nìkan ni wọ́n máa san. Ìyókù á kù sí yín lọ́rùn. Ẹ tún bi wọ́n nípa owó ìlera tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú físà, £776 lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, torí ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa gba ti gbogbo ọdún. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ náà wà fún àwa tí à ń lọ láti Nàìjíríà.

Ẹni tó ní ìdílé, ẹ gbọ́ eléyìí: láti oṣù kìíní 2024, Ìlú Ọba ò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ másítà tí kì í ṣe ti ìwádìí mú ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ dání mọ́, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé ṣì lè mú wọn lọ. Ṣírò wọn mọ́ ọn kí ẹ tó dáhùn. Owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́ kan kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ ẹni mẹ́rin. Ti Amẹ́ríkà, òfin físà fún ọmọ Nàìjíríà ń yí padà lemọ́lemọ́. Ẹ wo ojú ewé ilé iṣẹ́ aṣojú wọn lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ san $350 ti SEVIS, ìyẹn owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè kí ó tó gba físà, kì í ṣe oṣù tó ṣáájú, kí ẹ sì bi ilé ìwé bóyá wọ́n lè bá yín sún ìgbàwọlé síwájú bí ọ̀nà bá dí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ló ti fohùn ṣọ̀kan pé akẹ́kọ̀ọ́ ní títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin láti dáhùn sí lẹ́tà owó, nítorí náà bí ẹnì kan bá ń fòró yín ní oṣù kejì, ẹ rọra béèrè fún àkókò.

Ẹ má kọ̀wé fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀ títí físà á fi wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Mo ti gba lẹ́tà ní oṣù kẹta, mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní jọ́gíráfì ní oṣù keje. Àárọ̀ ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tù dé ni mo lọ bá ìyá tó ni ilé ìwé náà ní ọ́fíìsì. Wọ́n kà á, wọ́n tú gíláàsì ojú wọn, wọ́n gbàdúrà fún mi pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fa ìwé kan jáde, wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó máa gba kíláàsì mi síbẹ̀ kí n tó dìde.